Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò nílò wákàtí méjì lórí iná

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló bí mi nínú lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fi ń kọ èyí. Ó ti Ìsánlú wá kí wa ní Kabba níbí, ó sì bá mi nídìí gáàsì. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú páànù, ọ̀pẹ̀yìnbó wà nínú ẹ̀, ọsàn wà nínú ẹ̀, ọ̀dùnkún wà nísàlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ń ta sọ́ọ́sọ́ọ́, òórùn ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ìgbà wo lo ti bọ ẹran yìí?"

Mo ní, "Mi ò bọ̀ ọ́, mà. Inú páànù yìí náà ló ti ń jinná."

Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri. "Láti ìgbà wo?"

Mo ní kò ní ju ìṣẹ́jú márùnlélógún lọ tó bá fi jinná tán. Háà! Ẹ ò bá gbọ́ igbe. "Ṣé o fẹ́ kí kòkòrò wọ ọpọlọ àwọn ọmọ àbúrò mi ni? Ṣé wárápá lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Àbíkẹ́yìn mi tó ti mú ṣíbí dání rọra gbé e kalẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí dé. Mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọmọ yẹn láti jẹ nǹkan tó yàtọ̀ sí ìrẹsì.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà nílẹ̀ yìí, ní Bùnú o, ní Ìjùmú o, ní Yàgbà o: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ hó fún wákàtí méjì gbáko, kí a da omi àkọ́kọ́ nù, kí a tún da ìkejì nù, kí ata àti iyọ̀ tó kàn án. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aràn á gòkè lọ sínú ọpọlọ, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gìrì. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó má jẹ ẹlẹ́dẹ̀, èmi ò bá a fa nǹkan kan, ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ ẹ́, tó tún ń parọ́ mọ́ ọn, lèmi ń bá wí.

Oúnjẹ tó fa wàhálà yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò mi tó wà ní ìlú Òyìnbó ni mo ti rí i. Tó bá ti di oṣù kẹwàá níbẹ̀, ìgbà ìwọ́wé tí ewé ń pọ́n tó ń já, tí ápù sì pọ̀ lórí igi, wọ́n á gbé páànù kan ṣoṣo kaná, wọ́n á da ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ápù pọ̀ sínú ẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìwọ́wé níbí. Oṣù kẹwàá tiwa, òjò ló ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ń múra bọ̀. Ápù tá a ń rí rà, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá, owó ẹ̀ sì ń dẹ́rù bà mí. Ni mo ṣe sọ pé kí ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn bá mi dí àyè ẹ̀. Èmi ti ń sè é láti ọdún tó kọjá. Aràn kankan ò tíì kí wa nílé.

Aràn ò mọ aago. Ooru ló mọ̀. Nígbà tí àárín ẹran bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, ohunkóhun tó bá ń mí níbẹ̀ ti kú, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo fi dé ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ méjì. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn ti máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kí àárín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dé 71 ní ìwọ̀n Celsius. Ní 2011 wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 63 fún ẹran tí a kò lọ̀, wọ́n ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó gé e, ó ti tó. Èyí tí a lọ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ sórí 71. Ẹ sì rántí pé omi tó ń hó ń lọ sí bí 100. Èmi ò tilẹ̀ jẹ́ dúró sí 63 wọn yẹn, torí ẹlẹ́dẹ̀ tiwọn wà nínú ọgbà, tiwa ń rìn kiri ìgboro. Mo máa ń jẹ́ kó kọjá 71 dáadáa, kó má ku pupa kankan nínú. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, kò gba wákàtí méjì.

Mo wọ̀n ọ́n. Àbúrò mi fi tẹmọmítà oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò, ó sì ní ojú kékeré tí nọ́ńbà ń hàn nínú ẹ̀. Mo ra ẹran ẹ̀yìn kan náà, mo gé e sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wọ páànù, ó nípọn tó àtàǹpàkò mi. Ọ̀kan wọ ìkòkò omi, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é. Ti inú páànù, nígbà tí mo dín in níhà méjèèjì, tí mo dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo ti tẹmọmítà bọ àárín ẹ̀: 76. Ti inú ìkòkò, nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú tí omi ti ń hó, ó ti kọjá 90. Mo fi í sílẹ̀ kó pé wákàtí méjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo rẹ́ ẹ jẹ. Kò kúrò láàárín 90 sí 100 yẹn. Ẹ wá bá mi dá a lóhùn: wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú tó kù yẹn, kí ni iná ń pa? Ṣé òkú tún ń kú ni? Ẹran náà ti di fọ́nrán, ó há sí mi léyín títí di ọjọ́ kejì. Gáàsì mi sì jó lásán.

Orí ẹlẹ́dẹ̀, ẹsẹ̀, àti ibi tí awọ bá ti pọ̀ ń fẹ́ kó pẹ́ lórí iná, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n nítorí eyín ni, kí iṣan lè rọ̀. Kò kan aràn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ti ọpọlọ, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti ta gbòǹgbò. Aràn kan wà lóòótọ́, aràn pẹlẹbẹ gígùn tí àwọn dókítà ń pè ní Taenia solium. Ó lè gùn tó mítà méjì, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé: èèyàn tó ní aràn yìí nínú ìfun yàgbẹ́ sínú igbó. Ẹyin aràn wà nínú ìgbẹ́ náà, ẹlẹ́dẹ̀ wá a kàn, ó jẹ ẹ́. Ẹyin náà pa nínú ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ aràn wọ inú ẹran rẹ̀ lọ, ó di àpò funfun wínníwínní bí ìrẹsì tó ti wú sínú omi. Bí èèyàn bá jẹ ẹran yẹn láìjinná, ọmọ aràn náà á dàgbà nínú ìfun onítọ̀hún. Nínú ìfun ni mo wí. Ibẹ̀ ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e dání kì í tilẹ̀ mọ̀.

Èyí tó ń wọ ọpọlọ yàtọ̀. Ẹyin aràn náà ni, èyí tó bá ìgbẹ́ èèyàn jáde. Tó bá tibi ọwọ́ tí a kò fọ̀, tàbí ewébẹ̀ tí a bu omi ìdọ̀tí rin, tàbí omi kànga tí ṣáláńgá sún mọ́, dé ẹnu èèyàn, ó ń pa nínú ikùn, ọmọ rẹ̀ á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ibẹ̀ ló ti ń fa gìrì. Nítorí náà, ẹ lè se ẹlẹ́dẹ̀ yín di eérú, bí ẹni tó ń bá yín gbé oúnjẹ bá ti ṣáláńgá dé tí kò fọwọ́, òfo ni.

Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ní New York, àwọn Júù onísìn kan wà tí wọn kì í jẹ́ fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀, òfin Mósè ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní gbogbo ọ̀nà. Mẹ́rin nínú wọn, tí wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ara wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gìrì. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò, aràn ẹlẹ́dẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n bá nínú ọpọlọ wọn. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn gbé e jáde ní 1992. Ibo ló ti wá? Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, tó ń bá wọn dáná, ti wá láti àwọn orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà níbi tí aràn náà pọ̀ sí, wọ́n sì rí ẹnì kan tó gbé e sínú láàárín wọn. Èèyàn tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé ẹ̀! Ta ni ì bá bọ ẹran fún wọn ní wákàtí méjì?

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ pé níbi tí aràn yìí bá ti wọ́pọ̀, tí àwọn èèyàn ń gbé láàárín ẹlẹ́dẹ̀ tó ń rìn kiri, ó lè tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oní-wárápá tó jẹ́ pé òun ló fà á. Kì í ṣe nǹkan kékeré, èmi náà ò sì sọ pé kékeré ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìkòkò ni ẹ ń bá jà, ẹ sì fi ṣáláńgá sílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ò ní ilé ìgbẹ́. Àwa la ní ká gbẹ́ ẹ, àwa la sì ń lọ sẹ́yìn ilé ní ìdájí. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń pariwo ní kíṣìnnì mi yẹn, ẹ̀pà tí mo gbé síwájú wọn, láti inú mọ́tò ni wọ́n ti sọ̀ tí wọ́n ń kó o sẹ́nu. Omi ìfọwọ́ tí mo gbé wá wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí, kí ni mo fẹ́ sọ?

Omi tí ẹ ń dànù yẹn, kò sí májèlé kankan nínú ẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lára oúnjẹ tí fítámì B1 pọ̀ sí jù lọ, fítámì yẹn sì máa ń yòrò sínú omi. Ẹ sè é, ó yòrò, ẹ dà á sílẹ̀ fún adìyẹ. Àwọn tó ń mẹ́nu ba ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti 2020, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń pa, kì í ran èèyàn. Ti 2009, ọ̀fìnkìn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, inú èémí ló ń gbà, kì í gba inú àwo. Ti pé ẹran àti èso á di májèlé pọ̀ nínú ikùn, mi ò ní dá a lóhùn rárá.

Mo gbà o, kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa kiri yìí ni ẹnì kan yẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí kókó funfun nínú ẹran, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹni tí kò bá ní tẹmọmítà, kó gé èyí tó nípọn jù láàárín: bí ó bá ṣì pupa, tàbí tí omi rẹ̀ ṣì pọ́n, kó dá a padà sórí iná.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Ẹran ẹ̀yìn bí ìdajì kílò, kí ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn ju àtàǹpàkò lọ, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ẹran tó bá tutù kì í dín, ṣe ló ń hó. Iyọ̀, ata gbígbẹ díẹ̀, atalẹ̀ tí ẹ rin. Ẹ gé ọ̀dùnkún tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dín in lákọ̀ọ́kọ́ nínú òróró díẹ̀ títí ó fi fẹ́ rọ̀, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá to ẹran sí àyè tó ṣófo, kí ẹ fi ìhà tó lọ́ràá ṣáájú. Ẹ má yí i kiri! Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, á fúnra rẹ̀ tú kúrò lára páànù, ojú ẹ̀ á ti pọ́n bí èékánná ọmọ tó lé làálì. Ẹ yí i sí ìkejì. Àlùbọ́sà wọlé, ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ gé wínníwínní tẹ̀ lé e, kí etí rẹ̀ jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fún omi ọsàn méjì sí i, ẹ fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ páànù, ibẹ̀ ni adùn wà. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Ohun kan tí mo fi ẹran ṣòfò kọ́: ẹ má ti òru fi ọ̀pẹ̀yìnbó tútù rẹ ẹran sílẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tó ń jẹ ẹran, bíi ti ìbẹ́pẹ. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ mọ́, ẹran ti di bí ẹ̀kọ. Tó bá ti rí iná, agbára rẹ̀ ti tán, ẹ̀rù ò sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ ẹ̀pà wọn tán, wọ́n mu mílíìkì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn di díẹ̀ nínú ẹran yẹn sínú ike, àwọn á lọ tún un bọ̀ ní Ìsánlú. Mo dì í fún wọn. Ọ̀dùnkún ni mo fi bo orí ẹ̀.