Ṣé Ojú Ni Ọ́ńpáyà Yìí Fi Ń Wo Bọ́ọ̀lù Ni?

Ó ti sú mi! Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù, ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ ọ́ńpáyà, adájọ́ ìdíje.

Lánàá, ìdíje ti fẹ́ parí, wọ́n fi ẹyọ kan jù wá lọ. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 12, ló wà nídìí igi. Ball mẹ́ta (bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tó jìnnà tàbí tó lọ sílẹ̀ ju orúnkún, tí kò sì gbá; mẹ́rin, ó lọ sí béèsì lọ́fẹ̀ẹ́), strike méjì (èyí tó dáa tí kò gbá, tàbí èyí tó gbá tì; mẹ́ta, ó ti jáde), béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibùdó tí wọ́n ń sá dé, kún fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ mi ló gbà kọjá! Eruku sọ. Ọmọ tó lóṣòó sẹ́yìn hán an, ló bá rọra fi ìbọ̀wọ́ gbé e wá sókè orúnkún, bíi pé ibẹ̀ ló ti bá a. Mo ti dìde, mo ti ń pàtẹ́wọ́, ball kẹrin rèé, gbogbo wọn á sún síwájú, ẹni tó wà ní béèsì kẹta á wọlé, a ó dọ́gba. Ọ́ńpáyà yìí bá na ọwọ́: strike! Ó parí!

Strike wo? Rọ́bà funfun tó wà nílẹ̀ yẹn, tí bọ́ọ̀lù tó dáa gbọ́dọ̀ gba òkè ẹ̀ kọjá, íǹṣì 17 péré ló fẹ̀, orúnkún ọmọ ò sì ṣòro mọ̀. Bọ́ọ̀lù tó ga ju ìyẹn lọ ló pè ní ball fún àwọn tọ̀hún! Òṣùwọ̀n èké pọ́ńbélé! Kò sì sẹ́ni tó máa bá wa sọ̀rọ̀, torí ó ti lé kóòṣì wa jáde tipẹ́, nítorí ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa." Bàbá kan ká gbogbo ẹ̀ sórí fóònù. Ó gbé e lọ bá a, kò tiẹ̀ bojú wò ó.

Nínú mọ́tò, ọmọ mi gbé igi ẹ̀ lé itan. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n máa gbá gbogbo ohun tó bá ti ń bọ̀ ni?" Kí ni kí n fèsì? Àwa la kọ́ ọ pé kó ní sùúrù, kó fi èyí tí kò dáa sílẹ̀!

Láti 2024 ni líìgì ńlá Kòríà ti gbé strike àti ball lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, látọdún 2026, agbábọ́ọ̀lù MLB, líìgì ńlá tiwọn, tí kò bá gba ohun tí ọ́ńpáyà pè á fọwọ́ gbá fìlà orí ẹ̀, ẹ̀rọ á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń gba mílíọ̀nù dọ́là rí ibi pẹjọ́ sí. Ọmọ tèmi ńkọ́?

Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá! Ibi tẹ́ ẹ bá ti máa rí i, ẹ lọ wá a. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a tún ń padà síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n sì ní ó máa dúró sẹ́yìn.