Èsì wa sí oníbàárà wa láti Ìsánlú, lórí ọwọ́ aago NH35 tó rà lọ́dọ̀ wa

Ẹ̀gbọ́n wa, ókun o. A kí yín, a sì kí bàbá pẹ̀lú. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jókòó ti èsì yìí, torí mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tiwa gan-an, kí n lè gbà á láìfi ọ̀rọ̀ gígùn bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibí lè bá wa lọ: ẹ̀gbọ́n ra ọwọ́ aago mẹ́ta lọ́wọ́ wa ní Kábà, ti wákàtí, ti ìṣẹ́jú àti ti ìṣẹ́jú-àáyá, láti fi parí aago ọwọ́ kan, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ NH35, tí wọ́n ń tò fúnra wọn fún bàbá wọn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá já bọ́ sábẹ́ gíláàsì ní ọjọ́ kejì tí bàbá wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ìṣẹ́jú kò gùn dé ìlà ìṣẹ́jú, déètì ń yí ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, bàbá kò sì rí aago náà kà ní pálọ̀ bí iná bá ti lọ. Wọ́n wá kádìí rẹ̀ pé ayédèrú ni a ń tà.

Ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá tó já bọ́ yẹn, ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi oníṣẹ́ aago tó bá yín fi í sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárín ojú aago, ọ̀pá mẹ́ta ló yọ sókè láti inú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan nínú èkejì. Èyí tó sanra jù ló ń gbé ọwọ́ wákàtí, èyí tó tẹ̀ lé e ń gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú, èyí tó wà láàárín gbùngbùn, tó tín-ín-rín bí ẹnu abẹ́rẹ́, sì ń gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá. Ọwọ́ tó bá máa bá ẹ́ńjìnnì kan mu gbọ́dọ̀ ní ihò tó bá ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mu. Fún NH35 tí ẹ ní, tí iléeṣẹ́ Seiko ti ilẹ̀ Jàpáànì ń ṣe, ihò ọwọ́ wákàtí jẹ́ mìlímítà 1.50, ti ìṣẹ́jú jẹ́ 0.90, ti ìṣẹ́jú-àáyá sì jẹ́ 0.20. Fún ETA 2824, ẹ́ńjìnnì mìíràn ti ilẹ̀ Switzerland, 1.50 ni ti wákàtí, 0.90 ni ti ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n 0.25 ni ti ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wo bí nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ṣe dọ́gba tí ẹ̀kẹta sì yà. Ọwọ́ méjì nínú ohun tí mo tà fún yín jókòó pa sórí ọ̀pá wọn, ìyẹn ló sì mú kí gbogbo wa gbà pé ẹ̀kẹta náà ti jókòó.

Nínú ọ̀rá kéékèèké ni àwọn tí a ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn ti ń kó ọwọ́ aago wá, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń wà lára rẹ̀. Èmi ni mo tú wọn sínú ọ̀rá tiwa, tí mo sì kọ 1.50 àti 0.90 nìkan sí i, torí pé lọ́kàn mi nígbà náà, nọ́ńbà méjì yẹn ti tó láti fi dá NH35 mọ̀. Ọwọ́ tí wọ́n ṣe fún ETA ni mo fi ránṣẹ́ sí yín ní orúkọ NH35. Ìyàtọ̀ 0.05 mìlímítà kò ju ìbú irun orí tín-ín-rín kan lọ, ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ọ̀pá aago mọ̀ ọ́n. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í já lójú ẹsẹ̀. Á dúró lórí ọ̀pá, á máa bá a yí, á máa yọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò fi pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí mọ́tò yóò fi já sí kòtò.

Ẹ kọ ọ́ pé oníṣẹ́ aago kan nítòsí yín fẹ́ bá yín fi súpà gúlú lẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Èéfín gúlú yẹn máa ń di funfun bí eruku ẹfun sára ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn ni pé ojú aago yín àti inú gíláàsì yóò bàjẹ́. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú gúlú náà bá sì ṣàn wọ inú ọ̀pá, ìṣẹ́jú-àáyá àti ìṣẹ́jú yóò lẹ̀ pọ̀, ẹ́ńjìnnì á dúró gbagidi, kò sì ní sí ọwọ́ aago tí a lè tà fún yín tó máa tún un ṣe. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mú fún ìdí ọwọ́ náà pọ̀ kó lè há. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó máa ń là. Ní báyìí, ẹ gbé aago náà sílẹ̀ kó dojú sókè, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́, ẹ má sì mì í, torí ọwọ́ tó já ń rìn káàkiri lórí ojú aago, ó sì lè ha á.

Ti déètì kì í ṣe ti ọjà, ti bí a ṣe to ọwọ́ náà ni, kò sì le. Kí a tó fi ọwọ́ kankan sí i, a gbọ́dọ̀ yí kókó ẹ̀gbẹ́ aago síwájú títí déètì yóò fi fò sí ọjọ́ kejì, kí a dúró lójú ibẹ̀, kí a sì fi ọwọ́ wákàtí àti ti ìṣẹ́jú sí méjìlá gérégé. Ibi tí ẹ́ńjìnnì pè ní ọ̀gànjọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá kàn fi wọ́n sí méjìlá láìkọ́kọ́ wá ibi tí déètì ti ń fò, oríire ló ń tọrọ, tiyín sì bọ́ sí agogo mẹ́ta. A óò yọ wọ́n, a óò tún wọn tò. Ní ti bàbá fúnra rẹ̀, ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ yí déètì láàárín agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, torí eyín tó ń yí déètì ti gbá a mú ní àsìkò yẹn, ó sì lè ṣẹ́.

Ti gígùn, mo ní kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan kí n tó gbowó yín, n kò sì bi yín. Ẹ sọ fún mi pé ojú aago yín jẹ́ mìlímítà 28.5, èmi náà sì fi ìyẹn ṣírò. Ṣùgbọ́n ojú aago méjì lè jẹ́ 28.5 kí ìlà ìṣẹ́jú ọ̀kan wà létí pátápátá, kí ti èkejì sì sún mọ́ àárín. Ohun tó yẹ kí a wọ̀n ni láti àárín ihò dé ibi tí ìlà ìṣẹ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọwọ́ ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ kan ìlà yẹn. Ti wákàtí gbọ́dọ̀ dúró létí àmì wákàtí láìgùn ún. Nínú fọ́tò tí ẹ fi síbí, mo fi ojú wò ó pé tiyín kù tó mìlímítà kan àbọ̀. Ó lè dà bíi pé kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń di ti àgbà ló ń jìyà rẹ̀, torí òun ni yóò máa fi ọkàn fa ìyókù ìlà náà parí kó tó mọ̀ bóyá ogún ìṣẹ́jú ni tàbí méjìlélógún.

Èyí mú mi dé orí ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín, pé bàbá kò rí aago náà kà. Ẹ lè rò pé èyí kò kan oníṣòwò. Ó kàn mí, torí èmi ni mo yìn ọwọ́ dídán yẹn fún yín. Ojú aago yín jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, ọwọ́ tí ẹ mú náà ń dán bíi fàdákà, wọ́n sì dára pọ̀ nínú fọ́tò. Irin dídán kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Ohun tó bá dojú kọ ló ń gbé wọ̀. Bí ògiri bá funfun, ọwọ́ á funfun lórí ojú tó ti funfun tẹ́lẹ̀, á sì pòórá. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo gbé irú ọwọ́ yẹn lé ojú aago fàdákà kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo pa iná, mo sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ wákàtí nìkan ni mo rí, òjìji rẹ̀ ni mo sì fi rí i. Mo yọ ọ́, mo fi dúdú sí i. Mo kà á láti ibi tí mo dúró sí láìfún ojú pọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín ni ọwọ́ dúdú tó fẹ̀, tó ní ilà gbọọrọ láàárín tí wọ́n fi ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn kún. Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní C3 máa ń tàn bí ewé tútù, BGW9 sì máa ń tàn bí ojú ọ̀run. Méjèèjì ní láti rí ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè tàn, bàtìrì kò sì sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú aago yín kò ní irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lára, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni yóò máa tàn. N kò rí i bí àléébù fún bàbá, torí ẹni tó ti ń wo aago sí agogo ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ ibi tí méjìlá wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó wà, ó sì rọrùn láti kà lórí fàdákà, ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ rẹ̀ fún yín: idẹ tí wọ́n kùn ni tiwa. Irin tí wọ́n fi iná yan títí dé nǹkan bí 300 °C tí òun fúnra rẹ̀ fi di búlúù yàtọ̀, owó rẹ̀ náà sì yàtọ̀, a kì í tà á.

Ti pé ayédèrú ni: ọwọ́ aago tí a ń tà kò ní orúkọ iléeṣẹ́ Seiko lára, a kò sì sọ rí pé Seiko ló ṣe wọ́n. Iléeṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe wọ́n láti bá ẹ́ńjìnnì yẹn mu. Èyí tí mo fún yín ni kò bá a mu.

Ohun tí a óò ṣe nìyí. Ẹ di aago náà sínú páálí pẹ̀lú òwú, ẹ gbé e fún ọkọ̀ tó ń gba Mọ̀pà bọ̀ wá sí Kábà, èmi ni n óò san owó wébíìlì lọ àti bọ̀. N óò fi ọ̀rá tẹ́ ojú aago kí ẹ̀mú má baà ha á, n óò yọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀, n óò wá ibi tí déètì ti ń fò, n óò sì fi mẹ́ta tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, n óò yí i yípo wákàtí 24 gbáko, n óò máa wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi gbogbo tí ọwọ́ bá ti ń kọjá lórí ara wọn, torí àmì wákàtí ojú aago yín ga sókè, ọwọ́ ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìfi ara kàn án, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá kò sì gbọdọ̀ fi orí gbá gíláàsì. NH35 tí a bá yí sípíríǹgì rẹ̀ kún dáadáa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 41. N óò jẹ́ kí ó parí rẹ̀ lórí tábìlì mi; bó bá tètè dúró, a jẹ́ pé nǹkan ń ha nǹkan, n kò sì ní dá a padà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ owó yín dípò gbogbo èyí, ẹ sọ, n óò dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà.

Mo ti tú gbogbo ọ̀rá ọwọ́ aago tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin mìíràn ló wà níbẹ̀ tí ìṣẹ́jú-àáyá wọn jẹ́ 0.25, mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan báyìí, ó sì wà nínú àlàyé ọjà pẹ̀lú. Ẹlòmíràn tó bá ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sì ń yọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kàn sí wa, tiyín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó gbé aago sínú ọkọ̀, ẹ bá mi fi rúlà wọn láti àárín ihò dé ìlà ìṣẹ́jú, kí ẹ kọ iye mìlímítà rẹ̀ sábẹ́ èsì yìí, kí n lè yan ọwọ́ dúdú tó gùn tó o sílẹ̀ kí aago bàbá tó dé.