Ìyapa Ísírẹ́lì ti wà kí Rèhóbóámù tó jọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀yà 12 Ísírẹ́lì títí ẹnu fi kó bá Rèhóbóámù, ọmọ Sólómọ́nì àti ọmọ-ọmọ Dáfídì, ní Ṣékémù, tí ẹ̀yà 10 fi kẹ̀yìn sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìwé Sámúẹ́lì Kejì kà. Ọdún 7 àti oṣù 6 ni Dáfídì fi jọba lórí Júdà nìkan ní Hébúrónì. Ọmọ Sọ́ọ̀lù, ọba tó ṣáájú Dáfídì, làwọn ẹ̀yà yòókù kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Ábúsálómù, ọmọ Dáfídì, Júdà lọ mú ọba sọdá Jọ́dánì, làwọn ará Ísírẹ́lì bá gbaná jẹ: ìpín mẹ́wàá làwọn ní nínú ọba, kí ló dé tí wọ́n fojú di àwọn? Kíá ni Ṣébà, ará Bẹ́ńjámínì, fun fèrè, ó ní àwọn ò ní ìpín kankan nínú Dáfídì, kí kálukú gba àgọ́ rẹ̀ lọ. Igbe yẹn náà ni wọ́n ké sí Rèhóbóámù létí.

Lóòótọ́, ìsọkúsọ ni Rèhóbóámù sọ (ta ló ń fi àkekèé halẹ̀ mọ́ ẹni tó ní kí wọ́n mú ẹrù òun fúyẹ́?), ṣùgbọ́n epo ló dà síná tó ti ń jó. Jèróbóámù, ọmọ Éfúráímù tí ẹ̀yà 10 náà fi jọba, ló ti ń bójú tó iṣẹ́ àfipáṣe ilé Jósẹ́fù (ìyẹn ẹ̀yà Éfúráímù àti Mánásè) láyé Sólómọ́nì. Ó mọ ibi tó ń dùn wọ́n.

Ẹ má sì pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìkan. Bẹ́ńjámínì, ẹ̀yà Sọ́ọ̀lù àti Ṣébà, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá Jerúsálẹ́mù pààlà, ọ̀dọ̀ Júdà ló dúró sí.