Àláàtì kì í ṣe owó o, ẹ yé kó ọjà fún ẹni tó na fóònù sí yín lójú

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí tèmi níbí ní Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́, bàtà àti báàgì ni wọ́n ń tà, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà wọn ti ń wá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọṣẹ́ tuntun, mo wá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ yẹn pé "tí àláàtì bá ti dún báyìí, ó parí, kó ẹrù fún un kó máa lọ, má dá kọ́sítọ́mà dúró." Ọmọ náà ń dáhùn "ẹ ṣeun mà, mo ti gbọ́ mà." Ẹnu ń yún mi àmọ́ àgbà ni wọ́n, iwájú ọmọṣẹ́ wọn la sì wà, èèyàn ò lè já àgbà nírọ́ níbẹ̀ yẹn. Mo bá wá síbí wá kọ ọ́.

Kì í sì í ṣe àwọn nìkan. Ẹ dé ọjà Waso, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fóònù ní Under G, ẹ bá àwọn màmá tó ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí Èkó sọ̀rọ̀, orin kan náà ni: àláàtì ti wọlé, owó ti wọlé. Irọ́ ni jàre. Àláàtì, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé owó wọlé sí àkáǹtì yín, kì í ṣe owó, ìròyìn owó ni, ìròyìn sì lè jẹ́ irọ́. Ẹni tó ní òjò ń rọ̀ n'Ílọrin ò tíì fi omi rin aṣọ yín l'Ógbómọ̀ṣọ́. Owó ni èyí tẹ́ ẹ bá nínú àkáǹtì yín nígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣí app báǹkì yín, tàbí tẹ́ ẹ tẹ kóòdù wo bàláǹsì.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti ń wá gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń rí lókè àtẹ̀jíṣẹ́, tẹ́ ẹ fi ń sọ pé "báǹkì mi ló kọ ọ́," ẹni tó fi ránṣẹ́ ló yan orúkọ yẹn. Ẹ rántí ìgbà ìbò, bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe máa ń wọlé tí orúkọ olóṣèlú á wà lókè rẹ̀ dípò nọ́ńbà fóònù? Àbí èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń pe ìsọjí, tàbí tí wọ́n fi ń pe èèyàn sí ìnáwó? Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á lọ sórí sáìtì àwọn tó ń ta àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́pọ̀, wọ́n á sanwó, wọ́n á tẹ orúkọ tí wọ́n bá fẹ́ kó hàn, kó má ṣáà ti ju lẹ́tà 11 lọ, wọ́n á kó nọ́ńbà sí i, ó di lílọ. Ọ̀nà kan náà ni oníjìbìtì ń gbà. Dípò kó tẹ orúkọ ìjọ, orúkọ báǹkì yín ló máa tẹ̀. Àwọn kan á ní wọ́n ti ń dí orúkọ báǹkì mọ́ àwọn oníjìbìtì lọ́wọ́. Ó dáa, tí wọ́n bá dí i, oníjìbìtì á fi òdo sí ibi tó yẹ kí lẹ́tà O wà, ta ló fẹ́ fi ojú wá òdo nígbà tó ń ta ọjà lọ́wọ́?

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé fóònù yín ò mọ báǹkì. Orúkọ nìkan ló mọ̀. Tí orúkọ bá ti bára mu, ńṣe ló máa to àtẹ̀jíṣẹ́ èké yẹn sábẹ́ àwọn ojúlówó tí báǹkì ti ń fi ránṣẹ́ sí yín láti ọjọ́ pípẹ́, á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ìyá. Ẹ ó wá na fóònù sí mi, "ṣé o rí i, abẹ́ ibi tí báǹkì mi máa ń kọ̀wé sí ló wà." Mo rí i. Kò já mọ́ nǹkan kan.

Èmi èlùbọ́ àti kajú ni mò ń tà, kajú tiwa tí wọ́n yan, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan pè mí láti Èkó pé òun fẹ́ kajú àti èlùbọ́, owó gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦48,000. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ń pè mí ní "àǹtí mi." Ó ní òun ti bá dẹ́rẹ́bà kan sọ̀rọ̀ ní páàkì, mọ́tò ti fẹ́ kún, kí n tètè sáré gbé e lọ fi ṣe wébílì. Kò pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Orúkọ báǹkì mi wà lókè, nọ́ńbà àkáǹtì mi wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìràwọ̀ bo àárín rẹ̀, ₦48,000, Credit, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ pé. Mo wá wo ìlà tó kẹ́yìn, ìlà bàláǹsì. Ó kọ ₦312,500 síbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí! Láàárọ̀ yẹn gan-an ni mo kó owó fún àwọn tó ń gún èlùbọ́ fún mi, mo mọ ohun tó kù síbẹ̀, ká fi ₦48,000 mẹ́ta lé e kò tíì lè dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ wo nǹkan: nọ́ńbà àkáǹtì yín, ẹ̀yin lẹ fún wọn. Orúkọ yín, ẹ̀yin lẹ fún wọn. Báǹkì yín, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Bàláǹsì yín nìkan ni wọn ò lè mọ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé yálà wọ́n á yọ ìlà yẹn kúrò tàbí wọ́n á fi iye tó wù wọ́n síbẹ̀. Mo ṣí app mi, kò sí kọ́bọ̀. Mo ní "bọ̀dá, mi ò tíì rí i o." Ohùn tó dùn lẹ́ẹ̀kan dà bíi ti olópàá: "Ṣé olè lo ń pè mí ni? Dẹ́rẹ́bà ti ń bínú!" Mo ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ.

Pé dẹ́rẹ́bà fẹ́ lọ yẹn, ẹ fi sọ́kàn. Ìkánjú yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ráyè wo bàláǹsì, ó ti tán fún wọn nìyẹn.

Ohun míì tún wà tí àwọn tó gba àláàtì gbọ́ kì í rò. Àìmọye èèyàn ló ti ní kí báǹkì yé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn, torí owó ni wọ́n ń yọ lórí ẹ̀, ₦4 ni tẹ́lẹ̀, ó di ₦6 ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ẹni tó ń tajà ní gbogbo ọjọ́, tó bá ṣírò rẹ̀ títí oṣù á fi parí, á yà á lẹ́nu. Nítorí náà owó lè wọlé kí àláàtì má dún rárá, àláàtì sì lè dún kí owó má wọlé. Kí wá ni ìwúlò ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí?

Ti resíìtì, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ púpọ̀. Àwọn app wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n ya resíìtì tó jọ ti báǹkì, kọ orúkọ, kọ iye, ó ti jáde pẹ̀lú àmì báǹkì àti àwọ̀ ewé tó kọ "Successful." Àmọ́ ká tiẹ̀ ní olóòótọ́ ni kọ́sítọ́mà yín, ká ní ojúlówó ni resíìtì ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn náà ò tíì sọ pé owó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Tránsífá láti báǹkì kan sí òmíràn, orí NIP, ètò tó ń gbé owó láti báǹkì sí báǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, gbé kalẹ̀ ní 2011, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà. Báǹkì kọ́sítọ́mà á kọ́kọ́ yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, á wá ránṣẹ́ gba NIBSS lọ sí báǹkì yín, báǹkì yín ló máa fi owó sínú àkáǹtì yín kó tó dá èsì padà. Tí nǹkan bá há sójú ọ̀nà, wọ́n á ti yọ owó lọ́wọ́ ẹni tó san, ẹ̀yin ò ní rí nǹkan kan, nígbà míì owó yẹn á padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí ẹrù yín ti dé Èkó. Ẹnì kankan ò purọ́, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo rò pé ìwà yìí ti wọ̀ wá lára tó báyìí. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni, ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkẹyìn oṣù kìíní ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká ti fi owó àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tún sún un síwájú ní oṣù kẹta. Ẹ rántí? Ẹni tó fẹ́ ra tòmátì ₦500, tránsífá. Ẹni tó fẹ́ gun ọ̀kadà láti Takie dé LAUTECH, tránsífá. Netiwọ́ọ̀kì báǹkì wá dákú. App ò ṣí, kóòdù ò lọ, kò sí bí ẹni tó ń tajà ṣe lè wo nǹkan kan, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fóònù kọ́sítọ́mà. Tó bá ti kọ "Successful," ẹ máa lọ, Ọlọ́run á ṣe é. Ìgbà yẹn kò sí ohun tá a lè ṣe. Ṣùgbọ́n netiwọ́ọ̀kì ti padà dáa, àwa ò sì padà.

Wọ́n á ní kọ́sítọ́mà á bínú. Kó bínú. Ẹni tó sanwó lóòótọ́ kì í bínú kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n á ní data ò sí lórí fóònù. Kóòdù ò nílò data: *894# ni First Bank, *737# ni GTBank, *966# ni Zenith, *919# ni UBA, *901# ni Access, ₦6.98 ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀. Ẹni tí ₦6.98 dùn ju ẹrù ₦48,000 lọ, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ bá onítọ̀hún sọ. Wọ́n á tún ní "ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe é báyìí, kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi." Ó dáa.

Ẹ tún yé pariwo pé "owó kan wà tó máa ń wọlé tó máa tún pòórá lálẹ́." Èyí tó bá ti wọ bàláǹsì yín gidi, kì í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde. Ohun tó pòórá lójú yín, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò fìgbà kan wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ rí. Ibi tí mo lè gbà fún yín ni pé tó bá jẹ́ owó tí wọ́n jí níbòmíì ni wọ́n fi sanwó fún yín, tí olówó sì ké gbàjarè, báǹkì lè ti owó yẹn mọ́ inú àkáǹtì yín. Ó ń ṣẹlẹ̀. Kò tíì sọ àláàtì di owó.

Ẹ kíyè sí àwọn tó ń ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ₦150,000 ni mo ṣèèṣì fi ránṣẹ́ dípò ₦15,000, ẹ bá mi dá ìyókù padà." Màmá kan ládùúgbò wa, inú rere ló pa wọ́n lára níbẹ̀, owó tiwọn gan-an ni wọ́n dá "padà," torí ₦150,000 kankan ò wọlé, àláàtì nìkan ló wọlé. Tó bá jẹ́ àṣìṣe gidi ni, kó lọ bá báǹkì rẹ̀, báǹkì méjèèjì á yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn, kò kan ọwọ́ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà náà, ẹ gbọ́. Tránsífá tẹ́ ẹ ṣe fún ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, báǹkì kì í kàn yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì onítọ̀hún fún yín torí pé ẹ sunkún, àfi tí onítọ̀hún bá gbà tàbí kóòtù bá pàṣẹ. Tẹ́ ẹ bá fi káàdì sanwó lórí sáìtì gidi, ẹ ṣì lè gba ọ̀dọ̀ báǹkì yín jà á tí ọjà ò bá dé. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ojú rí ọjà kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ ní ìbátan kan tó máa bá yín wò ó ní páàkì. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ sanwó fún yín, nọ́ńbà àkáǹtì yín yẹn, díjíìtì mẹ́wàá, ti tó o, kì í ṣe nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì, kì í ṣe PIN, kì í ṣe nọ́ńbà tí báǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Tí wọ́n bá ti fi resíìtì dá yín dúró, pé "mo ti san, báǹkì yín ló ń dà á rú," ẹ bèèrè session ID, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá tránsífá kọ̀ọ̀kan mọ̀. Díjíìtì 30 ló wà nínú rẹ̀, ojúlówó tránsífá láti báǹkì kan sí òmíràn máa ń ní i. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ti báǹkì tó fi owó ránṣẹ́, méjìlá tó tẹ̀lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́ àti àkókò. Àwọn ayédèrú resíìtì tí mo ti yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú, ọjọ́ tó wà lókè á yàtọ̀ sí ọjọ́ tó wà nínú nọ́ńbà. Tó bá bára mu, ẹ mú un lọ sí báǹkì yín, wọ́n á fi tọpa owó náà. Tí kò bá sì lè mú session ID jáde, ẹ gbé àpò èlùbọ́ yín padà sínú ṣọ́ọ̀bù.