Kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ́ kí ìró pẹ́

Wọ́n ń pín in kiri pé bí ẹ bá tẹ ìlù inú áàpù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìró rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde, àfi kí ẹ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó.

Íápíìsì Bluetooth ló sábà máa ń fà á. Tábúlẹ́ẹ̀tì á fún ìró pọ̀, á fi ránṣẹ́, íápíìsì á tún tú u. Ìyẹn lè ju 100 mílísẹ́kọ́ńdì lọ.

Ohun tó ń rú wa lójú ni pé a ò rí irú rẹ̀ nínú fídíò. Áàpù fídíò máa ń dá àwòrán dúró de ìró ni. Ìka tó ti tẹ ìlù ńkọ́? Kò sí ohun tó lè dá a dúró.

Ẹ pa Bluetooth, kí ẹ tún un tẹ̀ pẹ̀lú íápíìsì oníwáyà. Bó bá ṣì ń pẹ́, ẹ dín buffer kù nínú áàpù yín, ìyẹn ìwọ̀n ìró tí áàpù máa ń kó jọ kó tó gbé e jáde.