Ta ló ní dandan ni kí bíà korò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, ó ti ń ká mi lára. Bí mo bá ti gbé agolo hazy IPA, bíà tí kì í mọ́ gaara tó ń ta sánsán bí èso, jáde níbi àpèjẹ àwọn ará ilé ní London báyìí, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi là á mọ́lẹ̀ pé bíà tí kò korò kì í ṣe bíà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ ọ́, mo mọ̀ yín, ọ̀rẹ́ mi ló pọ̀ nínú yín lórí ìkànnì yìí. Ta ló ń da Coke sínú Guinness? Ṣé èmi ni?

Èyí tí mo mu ní Sátidé tó kọjá ló tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú sókè nínú mi. Abẹ́ afárá rélùwéè ní Bermondsey, ní London níbí, ni, níbi tí àwọn apọntí kéékèèké fi ṣe ibùjókòó. Double IPA ni, ìyẹn hazy tó le ju ti ojoojúmọ́ lọ, ọtí inú rẹ̀ tó 8%. Irú ẹ̀, wọn kì í sábà bù ú kún ife páìntì fúnni. Ife ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n fi ń tà á. Kí n tó gbé e kan ẹnu ni òórùn rẹ̀ ti gba imú mi: máńgòrò tó pọ́n dáadáa, èèpo ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó. Ó kún ẹnu, ó ń yọ̀ lórí ahọ́n. Mo ń retí ìkorò tó máa ń di ọ̀fun mú lẹ́yìn tí èèyàn bá gbé bíà mì. Díẹ̀ ló yọjú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ooru kan ló kù nínú àyà, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọtí gidi ni mo ń mu.

Kò sí máńgòrò kankan níbẹ̀ o. Họ́ọ̀pù ni gbogbo ẹ̀, òdòdó kan náà tó ń mú bíà korò. Bí wọ́n bá sè é pẹ́ lórí iná, ìkorò rẹ̀ á jáde, òórùn rẹ̀ á sì bá èéfín lọ. Àwọn tó ń pọn hazy kì í fi púpọ̀ síná. Wọ́n á dúró kí iná kú, kí ọtí tutù, kódà kó ti máa hó bí ẹmu nínú àgbá, kí wọ́n tó wá da họ́ọ̀pù sí i ní àdàkún. Citra àti Mosaic, oríṣi họ́ọ̀pù méjì tí wọ́n ń gbìn ní Yakima, ní ìpínlẹ̀ Washington, wà lára àwọn tó ń ṣe irú òórùn yìí. Wọ́n á tún po óòtì àti àlìkámà mọ́ ọkà bálì, ìyẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó mọ́ gaara. Nítorí náà, ẹni tó bá ní họ́ọ̀pù ò sí nínú rẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ. Họ́ọ̀pù tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti bíà tó korò mọ́ ọn lẹ́nu lọ fíìfíì.

Vermont ní Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Ilé-ìpọntí The Alchemist, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Waterbury níbẹ̀, ló ń ṣe Heady Topper, ọ̀kan lára irú bíà yìí, 8% lòun náà, wọ́n sì kọ ọ́ sára agolo pé inú agolo gan-an ni kí èèyàn ti mu ún. Nígbà tó di 2018, ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà fi irú bíà yìí sínú ìwé ìlànà wọn. Ṣé àwọn yẹn náà ò mọ bíà ni?

Níbi ìkómọ kan ní Peckham ni wọ́n ti gún mi lọ́kàn jù. Mo kó agolo díẹ̀ lọ, nínú yìnyín, torí bí ẹmu lọ̀rọ̀ rẹ̀ rí: òní ló dùn, bó bá pẹ́ nílẹ̀, òórùn á lọ, àwọ̀ á dúdú, kò ní wúlò mọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún gba ọ̀kan. Igò Guinness tó ti Nàìjíríà wá wà níwájú wọn. Wọ́n da tèmi sínú ife, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Àbúrò, kí lo gbé wá yìí? Ṣé ọsàn lo fún ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n yínmú. Wọ́n ní kò korò, kò ta, pé àwa ọmọ ìsinsìnyí ti ba ọtí jẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ara agolo. 8% ni. Tiyín tó wà níwájú yín yẹn, 7.5% ni."

Wọn ò dá mi lóhùn. Àǹtí kan tí kì í mu ju máàtì lọ ni wọ́n yíjú sí. "Ẹ gbà, èyí á bá yín lára mu. Omi ọsàn ni."

Àǹtí gbà á, wọ́n mu ún, ojú wọn tàn. Wọ́n ní kí n bù sí i. Mo ní ọtí ni o, ọtí líle ni. Wọ́n rò pé mo ń ṣahun ni. (Mo ń ṣahun díẹ̀ lóòótọ́. Agolo kan ń lọ sí pọ́ùn méje!) Kí n tó yíjú padà, Ẹ̀gbọ́n ti da ìyókù fún wọn.

Inú ń bí mi sí Ẹ̀gbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yin ọtí yìí kiri, pé kò korò, òun náà ni kò jẹ́ kí Àǹtí mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì. Bó bá jẹ́ sítáòtù bíi Guinness ni, ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fẹnu kàn án ni wọn ì bá ti gbé ife kalẹ̀. Mi ò mọ èsì tí màá fún ẹni tó bá fi ìyẹn gbé mi lẹ́jọ́.

Lánàá, Àǹtí kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí n fi orúkọ omi ọsàn yẹn ránṣẹ́, àwọn fẹ́ rà á fún ọjọ́ìbí àwọn. Mi ò tíì fèsì.