Ogún Ọmọdé Kì í Ṣeré fún Ogún Ọdún: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Wá Ẹgbẹ́ RPG Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ló ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí ọ̀rẹ́ bá ń tú ká la sábà ń pa á: ọ̀kan á ṣègbéyàwó, ọ̀kan á gba Èkó lọ, ìkẹta á ríṣẹ́ tí kì í jẹ́ kó ráyè mọ́. Ẹni tó bá ń wá ẹgbẹ́ tí yóò máa bá ṣe eré RPG orí tábìlì (role-playing game, eré ìtàn tí kálukú ti ń ṣe bí ẹ̀dá inú rẹ̀) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òwe yìí ló yẹ kó fi ṣáájú. Ẹgbẹ́ tó ń tú ká pọ̀ ju èyí tó ń pẹ́ lọ, ìjà kọ́ ló sì sábà ń tú wọn, àìráyè ni. Nítorí náà, àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ó bá tiyín mu, ẹ wá wo ìwà, kí ẹ tó béèrè irú òfin eré tí wọ́n ń lò. Ẹni tó bá dorí ètò yìí kodò, tó jẹ́ orúkọ eré ló fi ṣáájú, á tètè rí ẹgbẹ́ wọ̀, á sì tún máa wá òmíràn kóṣù tó parí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́: Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde lọ́dún 1974, ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn eré wọ̀nyí. Ẹnì kan, tí wọ́n ń pè ní DM, ló ń darí ìtàn. Àwọn yòókù á mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti dájú ni dáìsì ti ń wọlé. Ẹ fẹ́ fo odò? DM á ní kí ẹ ju dáìsì olójú ogún, kí ẹ fi agbára ẹ̀dá yín kún un. Ká ní dáìsì mú 11, agbára yín jẹ́ 3, DM sì ti ní 15 lòun ń retí: 14 ò tó, omi gbé yín nìyẹn. Ohun tí DM bá wá ṣe lẹ́yìn èyí, bóyá ó jẹ́ kí omi gbé yín lọ pátápátá ni, bóyá ó bi ẹlòmíì léèrè pé ṣé ó fẹ́ ju okùn sí yín ni, ìwà rẹ̀ ló máa sọ ọ́, kì í ṣe ìwé òfin. Ìdí tí yíyan ènìyàn fi ju yíyan eré lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ aago, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Nàìjíríà kì í yí aago padà. UTC+1, ìyẹn wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé, la wà látoṣù kìn-ín-ní dé ìkejìlá. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń yí tiwọn. Ìjókòó tí wọ́n bá pè ní aago mẹ́jọ alẹ́ ní New York, aago méjì òru ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà òtútù wọn. Láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta dé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, aago kan òru ni. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àárọ̀ kò lè gbé irú ìyẹn fún oṣù kan láìjẹ́ pé nǹkan kan yingin. Ẹ wá ẹgbẹ́ tí aago wọn sún mọ́ tiwa. Aago méje alẹ́ ní Jámánì jẹ́ aago méje gan-an níbí nígbà òtútù, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà ooru. Ti London jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ níbí nígbà òtútù, aago méje nígbà ooru. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá ni Yúróòpù ń yí aago. Ẹni tí kò bá mọ èyí á fi wákàtí kan pẹ́ dé lóṣù Kẹta, á sì rò pé wọ́n kàn ń rí òun fín ni. Ẹ ní kí DM máa fi àkókò oníkóòdù ti Discord, áàpù tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń sọ̀rọ̀, kọ ìkéde ìjókòó. Aago ìlú oníkálùkù ló máa ń hàn sí i lójú fóònù tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò dára fún wa, bó ti wù kí àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ọjọ́ òde ni. Bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà ni, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn ẹbí pé ẹ ò lè wá torí ẹ ní eré láti ṣe. Ọjọ́ Àìkú lọ́sàn-án, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbo la ti ń wá ẹgbẹ́? Roll20, ìkànnì tí wọ́n ti ń lo máàpù àti dáìsì eré, ní ojú ewé Looking for Group, ọ̀pọ̀ server (gbàgede ẹgbẹ́) Discord sì ní yàrá tí àwọn DM ń kọ ìkéde sí. Ẹ ka ìkéde náà tìṣọ́ratìṣọ́ra. DM tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ ọjọ́ àti aago, á sọ bóyá òfin Dungeons & Dragons ti ọdún 2014 ni wọ́n ń lò tàbí ti 2024, á sọ iye ènìyàn tó fẹ́, bóyá ohùn ni tàbí ọ̀rọ̀ kíkọ, àti iye ìjókòó tí ìtàn náà máa gbà. Èyí tó bá kọ ojú ewé mẹ́ta nípa ọba àti ogun inú ayé tó dá sílẹ̀, àmọ́ tó ní “a ó fẹnu kò sí ọjọ́ tó bá yá,” ẹ yàgò fún un. Àwọn DM kan ń gbowó fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, dọ́là sì ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, kò sí ibi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Kò nílò ìwé olówó gọbọi náà: òfin ìpìlẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sì ni SRD 5.1, àkójọ òfin ìpìlẹ̀ náà, ti wà lábẹ́ Creative Commons, ìwé àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni lè gbà á sílẹ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DM ló máa fi mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, ìkéde kan sì lè mú kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kọ̀wé sí i. “Mo fẹ́ dara pọ̀” nìkan kò ní jẹ́ kó dá yín lóhùn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹní ń báni sọ̀rọ̀: “Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Nàìjíríà ni mò ń gbé, UTC+1. Mo ráyè lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti aago méje sí mẹ́wàá. N ò ṣe eré yìí rí, mo ti ka òfin ìpìlẹ̀. Iná máa ń lọ níbí, àmọ́ ohùn mi ń gba orí fóònù, kì í já. Mo fẹ́ràn ìtàn tí ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìjà lọ.” Ẹ má fi ọ̀rọ̀ iná pamọ́. DM tó bá mọ̀ ṣáájú á fi ètò sí i. Èyí tó bá kọ̀ yín tìtorí rẹ̀ ti gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú ọjọ́ iwájú.

Nípa iná àti dátà fúnra wọn: ohùn lórí Discord ń lo nǹkan bíi 64 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí wọn ò bá yí i padà, ìyẹn bíi 30MB ní wákàtí kan bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń sọ̀rọ̀. Fídíò ló ń jẹ dátà. Ẹ pa á. Bí máàpù Roll20 bá kún un, ẹ ya 500MB sọ́tọ̀ fún ìjókòó wákàtí mẹ́ta, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ má fi ohùn àti máàpù sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ohùn wà lórí fóònù tó ti kún fún chájì, kí máàpù wà lórí láptọ́ọ̀pù. Bí NEPA bá mú iná tí láptọ́ọ̀pù kú, ẹ ṣì wà nínú ìtàn, DM á máa sọ ibi tí ẹ̀dá yín dúró sí fún yín. Ẹ lo earpiece, torí ohùn tó bá ti inú spíkà padà wọ máìkì á máa dún lẹ́ẹ̀mejì létí gbogbo ènìyàn. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo, ẹ yan Push to Talk, kí máìkì má ṣí àyàfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún bi DM bóyá Foundry, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú iṣẹ́ Roll20, ni wọ́n ń lò. DM nìkan ló ń rà á, àwọn yòókù á gba inú bíráúsà wọlé, àmọ́ ó wúwo fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Bó bá sì jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà DM ló wà, ọjọ́ tí iná tirẹ̀ bá lọ, eré gbogbo yín parí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ ò sì ní rí ojú ara yín. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó mọ nǹkan fi ń ṣe Session Zero, ìjókòó tí ẹnikẹ́ni kì í ju dáìsì níbẹ̀, tí wọ́n kàn ń fẹnu kò. Kí ni kò gbọdọ̀ wọ inú ìtàn rárá? Kí ló lè wáyé ṣùgbọ́n tí a ò ní ṣàpèjúwe? Àwọn tó ń ṣe eré yìí ń pe méjèèjì ní Lines and Veils. Àwọn mìíràn ń fi X-Card, tí John Stavropoulos ṣe, kún un: ẹni tí nǹkan bá gùn lára á tẹ lẹ́tà X, ìtàn á fò ó, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìdí. Ọ̀rọ̀ òrìṣà náà wà níbẹ̀. DM tí kò mọ̀ lè sọ Ṣàngó di abàmì ẹranko tí ẹ máa pa gba wúrà. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi Aláàfin ìgbà kan ṣe irú èyí, ọjọ́ yẹn ni kó sọ ọ́, kó má dúró di àárín ìjà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè fún eré ìjókòó kan ṣoṣo, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó gba ohun tó gùn. Ẹ ṣọ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ṣé DM ń pè é, “ìwọ ńkọ́?” Àbí ẹnì kan ló ń dáhùn fún gbogbo ilé? Ẹ ka iye yín pẹ̀lú. Bí DM bá fi ìdajì wákàtí mẹ́ta sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 90 ló kù: ẹni mẹ́rin á rí bíi ìṣẹ́jú 22 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹni méje á rí bíi 13. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ẹgbẹ́ ẹni mẹ́rin ló dára jù.

Ibí yìí ni òwe àkọ́kọ́ ti wúlò jù lọ. Níwọ̀n bí a ti mọ̀ pé eré kì í gba ogún ọdún, ẹ dá òpin fún un. DM tó bá ṣèlérí ìtàn láti ipele 1 dé ipele 20 ń ṣèlérí ohun tó ṣòroó mú ṣẹ: 6,500 ni àmì ìrírí tí ẹ̀dá nílò láti dé ipele 5, 355,000 ni ti ipele 20. Ẹ sọ pé ìjókòó mẹ́fà la ó ṣe. Tó bá dùn, ká fi mẹ́fà mìíràn lé e. Ènìyàn rọrùn láti mú dúró dé ibi tó ń rí. Ẹ tún fẹnu kò pé bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ti dé, eré á wáyé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹgbẹ́ tó bá ń fagi lé ìjókòó ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan ò sí, kì í pẹ́ tí wọn ò fi ní pàdé mọ́.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó ń gbọ̀rọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíì lẹ́nu, ẹ kọ̀wé sí DM ní kọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn ìjókòó méjì, ẹ dágbére ó kéré tán ọjọ́ méjì kí ìjókòó tó ń bọ̀ tó dé, kí DM lè wá ọ̀nà tí ẹ̀dá yín máa gbà jáde nínú ìtàn.

Bí gbogbo èyí ò bá sì bọ́ sí i, ẹ dá tiyín sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹni mẹ́ta tó. Ọ̀rọ̀ kíkọ lórí WhatsApp kò béèrè iná tàbí aago kan náà: DM á kọ ìran kan láàárọ̀, kálukú á dá a lóhùn kílẹ̀ tó ṣú, ẹni tí kò bá rí ààyè, DM á bá a ju dáìsì, ìtàn á máa lọ. Ẹ ṣí gúrúùpù méjì, ọ̀kan fún ìtàn, ọ̀kan fún àwàdà àti ìkíni, kí ẹni tó bá pẹ́ dé lè ka ìtàn láìwá a láàárín ọgọ́rùn-ún “ẹ káàárọ̀.”